Ayédèrú nìkan kọ́ ni oògùn tó ń pa ènìyàn

Ọ̀rọ̀ oògùn òyìnbó ni mo gbé wá lónìí. Ẹ má bi mí pé kí ló kan onímọ̀ ẹ̀dá-èdè nínú oògùn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú èdè wa ló gbé mi débẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà ni ayédèrú. Èrú wà nínú rẹ̀ gbangba. Ẹni tó ṣe ayédèrú owó mọ̀ pé òun ń tan ènìyàn jẹ ni. Ẹni tó ṣe ayédèrú ìwé ẹ̀rí náà mọ̀. Tí a bá wá sọ pé ayédèrú oògùn, ohun tó ń wá sọ́kàn wa ni ọ̀daràn kan nínú yàrá òkùnkùn, tó ń rọ ẹ̀fun sínú ike, tó sì ń lẹ orúkọ ilé iṣẹ́ olórúkọ mọ́ ọn. Irú wọn wà, wọ́n sì pọ̀. Ṣùgbọ́n oògùn mìíràn tún wà: ilé iṣẹ́ tí ìjọba mọ̀ ló ṣe é, orúkọ tó wà lára rẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ gan-an, ẹni tó tà á kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ kò dára. Ó lè máà ní agbára tó yẹ kó ní. Ó sì lè ní ohun tí kò yẹ nínú. Èyí náà, ayédèrú là ń pè é. Àwọn mìíràn á ní gbàrọgùdù. Inú àpò kan náà la kó méjèèjì sí.

Lọ́dún 2017, Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ya méjèèjì sọ́tọ̀ nínú èdè tiwọn. Orúkọ gígùn kan tó kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀. Wọ́n pa á tì, wọ́n mú méjì: substandard fún oògùn tí ilé iṣẹ́ tó ní àṣẹ ṣe ṣùgbọ́n tí kò kún ojú òṣùwọ̀n, falsified fún èyí tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi parọ́. Ọdún yẹn náà ni wọ́n fojú bù ú pé nínú oògùn mẹ́wàá ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò fi bẹ́ẹ̀ lówó, ọ̀kan jẹ́ yálà èyí tàbí ìyẹn. Ẹ lè rò pé eré ọ̀rọ̀ lásán ni. Rárá o. Ọlọ́pàá la lè fi lé ayédèrú. Èyí tí kò kún ojú òṣùwọ̀n, ọlọ́pàá kò lè rí i, torí inú ilé iṣẹ́ ló ti bàjẹ́, ní ọ̀sán gangan, lójú gbogbo òṣìṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká mú èyí tí ọ̀pọ̀ nínú yín ṣì rántí. Ní ìparí ọdún 2008, àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí í kú lẹ́yìn tí wọ́n mu oògùn eyín olómi kan tó ń jẹ́ My Pikin. Ọmọ 84 ló kú. Ilé iṣẹ́ tí ìjọba mọ̀, ní Èkó, ló ṣe oògùn náà. Paracetamol wà nínú rẹ̀, paracetamol kì í sì í yòrò dáadáa nínú omi lásán, nítorí náà àwọn tó ń ṣe irú oògùn bẹ́ẹ̀ máa ń lo omi mìíràn tó ń jẹ́ propylene glycol láti fi yọ́ ọ. Ilé iṣẹ́ náà ra ohun tí wọ́n pè ní propylene glycol lọ́wọ́ oníṣòwò kẹ́míkà kan tí kò ní ìwé àṣẹ. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni diethylene glycol, ìyẹn kẹ́míkà tí wọ́n ń pò mọ́ omi búréèkì ọkọ̀. Àwọn méjèèjì mọ́ gaara, wọ́n ki, wọ́n sì dùn lẹ́nu. Ojú lásán kò lè yà wọ́n. Ọ̀kan ń yọ́ oògùn, èkejì ń ba kíndìnrín jẹ́.

Tí a bá ń wá èrú nínú ìtàn yìí, ẹ jẹ́ ká lọ wá a lọ́dọ̀ oníṣòwò kẹ́míkà yẹn. Nínú ilé iṣẹ́, àìbéèrè ló wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó dúró níwájú àgbá náà kó ní, "Kí ni eléyìí gan-an?" Lọ́dún 2013, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó rán méjì nínú àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ náà lẹ́wọ̀n ọdún méje-méje, ó sì ní kí wọ́n ti ilé iṣẹ́ náà pa pátápátá.

Kì í sì í ṣe pé a ò rí irú rẹ̀ rí. Lọ́dún 1990, kẹ́míkà yìí kan náà nínú paracetamol olómi pa ọmọ 47 nílẹ̀ wa níbí. Lọ́dún 2022, nǹkan bí ọmọ 70 kú ní orílẹ̀-èdè Gambia lẹ́yìn tí wọ́n mu oògùn ikọ́ àti ọ̀fìnkìn olómi tó wá láti Íńdíà. Èyí tó pẹ́ jù nínú ìtàn wọn ló dùn mọ́ èmi onímọ̀ èdè jù láti sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ikú ni. Lọ́dún 1937, ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ kan ní Tennessee fẹ́ sọ oògùn sulfanilamide di olómi. Onímọ̀ kẹ́míkà wọn rí i pé diethylene glycol ń yọ́ ọ dáadáa. Wọ́n fi adùn èso sí i, wọ́n yẹ bó ṣe rí, bó ṣe ń rùn àti bó ṣe dùn lẹ́nu wò, ó dára lójú wọn, wọ́n tà á. Ó ju 100 ènìyàn lọ tó kú. Nígbà tí ìjọba fẹ́ kó oògùn náà kúrò nílẹ̀, òfin ìgbà náà kò sọ pé èèwọ̀ ni kí oògùn pa ènìyàn! Ibi kan ṣoṣo tí òfin ti rí wọn mú ni orúkọ tó wà lára ìgò. Wọ́n pè é ní Elixir, elixir sì gbọ́dọ̀ ní ọtí nínú. Èyí kò ní. Ká ní orúkọ mìíràn ni wọ́n fún un, ọwọ́ òfin ò bá má tó o. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, 1938, wọ́n ṣe òfin tuntun pé ẹni tó bá fẹ́ ta oògùn tuntun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi hàn pé kò léwu.

Ó yẹ kí ẹnìkan bi mí báyìí pé, ṣé wọn kì í yẹ oògùn wò kó tó jáde ni? Wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò o. Àyẹ̀wò ìgbẹ̀yìn ni kò tó. Ẹni tó ń se ìrẹsì fún 100 ènìyàn lè fi ṣíbí kan tọ́ ọ wò kó mọ̀ bóyá iyọ̀ dé e. Kò lè fi ṣíbí yẹn mọ̀ bóyá òkúta wà nísàlẹ̀ ìkòkò. Hóró oògùn tí a bá yẹ̀ wò, a ti lọ̀ ọ́, kò ṣeé tà mọ́. Nítorí náà, ìwọ̀nba díẹ̀ là ń yẹ̀ wò nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Èyí tó wá burú jù ni pé ohun tí a bá ń wá ni àyẹ̀wò máa ń bá wa rí. Ẹni tó bá wọn paracetamol inú omi olóró yẹn lè bá paracetamol níbẹ̀, kó pé, kó má dín. Ìwé àyẹ̀wò á ní ó dára. Májèlé wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò béèrè rẹ̀.

Ibí yìí ni ìlànà tí gbogbo ayé ń lò ti wọlé. Orúkọ rẹ̀ lédè òyìnbó ni Good Manufacturing Practice, GMP ni wọ́n sì ń pè é ní ilé iṣẹ́. Lọ́dún 1969 ni àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú WHO fọwọ́ sí i, pẹ̀lú ètò tí orílẹ̀-èdè tó fẹ́ ra oògùn lè fi béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ orílẹ̀-èdè tó ń tà á. Tí ẹ bá bọ́ gbogbo ẹ̀wù gẹ̀ẹ́sì tó wà lára rẹ̀, ohun tó kù ni pé kí a gbé ìbéèrè kan dúró sí gbogbo ojú ibi tí àṣìṣe ti lè wọlé.

Àgbá kẹ́míkà tó bá dé kì í wọlé tààrà. Ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé e sí, wọ́n á sì lẹ bébà kan mọ́ ọn tó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá ń kọjá pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tíì fọwọ́ kàn án. Wọ́n á wádìí ẹni tó tà á àti ibi tí òun náà ti rà á. Wọ́n á bu díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Tó bá sì jẹ́ irú omi tí a sọ lẹ́ẹ̀kan ni, wọ́n á wá diethylene glycol nínú rẹ̀ ní pàtó, kò sì gbọdọ̀ ju ìdá 0.10 nínú 100 lọ. Ẹni tó bá ń wọn nǹkan, ẹlòmíì gbọ́dọ̀ dúró tì í, kí àwọn méjèèjì sì buwọ́ lù ú. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ṣe oògùn àná, wọ́n gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́, kí wọ́n sì fi hàn pé ó mọ́, kí ti òní tó wọ inú rẹ̀. Gbogbo ohun tó bá jáde nínú ìkòkò kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, nọ́ńbà kan náà ni wọ́n ń fún un. Nọ́ńbà tí ẹ ń rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjọ́ tí oògùn máa bàjẹ́ nìyẹn. Wọ́n á sì fi díẹ̀ pamọ́ nínú ìkòkò kọ̀ọ̀kan, kó lè jẹ́ pé tí ariwo bá ta, wọ́n á rí nǹkan yẹ̀ wò. Ọ̀rọ̀ omi àti afẹ́fẹ́ ilé iṣẹ́ tún wà, ṣùgbọ́n mo fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn apoògùn.

Èyí tí mi ò lè fi sílẹ̀ fún wọn ni ọ̀rọ̀ ìwé kíkọ. Nínú ìlànà yìí, ohun tí a kò bá kọ sílẹ̀, a kò ṣe é nìyẹn. Tí ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ bá rí i pé ooru lọ sókè ju bó ṣe yẹ lọ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ó dín in kù kò tó. Ó gbọdọ̀ kọ ọ́ pé ó lọ sókè, kí ó kọ aago tó lọ sókè, kí ó kọ ohun tí òun ṣe, kí ó sì buwọ́ lù ú. Ẹ wá fi èyí wé bí a ṣe ń ṣe láàárín ara wa. Tí ọ̀gá bá ṣàṣìṣe, ẹnu la fi ń sọ ọ́, ní kọ̀rọ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, bóyá ẹ ò kíyè sí i ni." Tó bá ti tún un ṣe, ọ̀rọ̀ bùṣe. Kí ọmọdé wá kọ àṣìṣe àgbà sínú ìwé, kó buwọ́ lù ú? Lójú ọ̀pọ̀ wa, ẹjọ́ ló rò yẹn. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi tó ń ṣiṣẹ́ ní irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lápá Ọ̀tà pé ibí yìí gan-an ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ti ń le. Ẹ̀rọ yá kọ́, ó le kí ọmọ ogún ọdún ó sọ fún ẹni tó tó bàbá rẹ̀ pé, "Ẹ má tíì dà á sí i sà, a ò tíì rí èsì àyẹ̀wò."

Ìlànà náà sì béèrè ju ìyẹn lọ. Ó ní ẹni tó ń ṣọ́ dídára oògùn kò gbọdọ̀ wà lábẹ́ ẹni tó ń ṣe é. Tó bá ní rárá, ẹni tó ni owó pàápàá kò gbọdọ̀ lè fagbára yí i padà. Ó tún ní kí gbogbo ìlànà iṣẹ́ jẹ́ kíkọ ní èdè tó yéni yékéyéké. Èdè wo nìyẹn? Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ ọ́ káàkiri, bẹ́ẹ̀ sì rèé, Yorùbá àti píjìn ni wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ nídìí ẹ̀rọ. Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ ìmọ̀ ògbufọ̀ lọ́dọ̀ mi, iṣẹ́ ń bẹ níbẹ̀ o, kò sì ní kí ẹ dá ọ̀rọ̀ gàǹgà kankan sílẹ̀. "Oògùn tí kò kún ojú òṣùwọ̀n" ti wà nílẹ̀, ó sì tó.

Òṣùwọ̀n yìí náà, ẹ jẹ́ ká wò ó. Gbogbo wa la mọ kóńgò. Kóńgò ọjà kan kì í sábà dọ́gba pẹ̀lú ti ọjà kejì, àwọn ìyá kan sì máa ń lu ìdí tiwọn wọnú. Ẹni tó bá fẹ́ kó gàrí láti ọjà kan lọ sí òmíràn, àfi kí wọ́n kọ́kọ́ fẹnu kò lórí kóńgò. Oògùn náà ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn orílẹ̀-èdè. Ẹni tó fẹ́ tà ní ìlú mẹ́ta ń ṣe àyẹ̀wò kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, torí ìlú kọ̀ọ̀kan ní kóńgò tirẹ̀. Lọ́dún 1990, àwọn ará Yúróòpù, Japan àti Amẹ́ríkà pàdé ní Brussels láti mú òṣùwọ̀n wọn bára mu. Ìpàdé yẹn ni wọ́n ń pè ní ICH títí dòní.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé kí a bá àgbáyé mu ni pé kí a da ohun tí wọ́n kọ kọ. Ẹ wo ọ̀rọ̀ ooru. Kí wọ́n tó lè kọ ọ́ sára oògùn pé yóò dára fún ọdún méjì, wọ́n gbọ́dọ̀ ti tọ́jú u sínú yàrá kan fún ìgbà pípẹ́ kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò. Yàrá tí àwọn ICH fẹnu kò lé lórí fún ìlú tiwọn, 25°C ni, pẹ̀lú ọ̀rinrin ìdá 60 nínú 100. Àwọn tó ń gbé ibi tí òjò dídì ti ń bọ́ ni ìyẹn bá mu. Èwo ni ti wa? Fún àwọn ilẹ̀ olóoru tó kún fún ọ̀rinrin, 30°C àti ìdá 75 ni, èyí náà ni NAFDAC sì ń béèrè. Oògùn tó yege nínú yàrá ti àkọ́kọ́ lè bàjẹ́ nínú ti èkejì kí ọjọ́ ara rẹ̀ tó pé. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sí kíláàsì àkọtọ́ mi, ẹ mọ ibi tí mò ń lọ. A gba lẹ́tà àwọn òyìnbó, ṣùgbọ́n a fi àmì sábẹ́ ẹ, ọ àti ṣ, a fi àmì ohùn sórí fáwẹ́lì, torí láìsí wọn, èdè wa kò ní ṣeé kà. Lẹ́tà kan náà ni gbogbo wa ń lò, ẹnikẹ́ni kò sì lè sọ pé a kò bá ayé mu.

Níbo wá ni a dé báyìí? Ọdún 1993 ni wọ́n fi òfin dá NAFDAC sílẹ̀, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ikú àwọn ọmọ 47 yẹn. Lọ́dún 2022, WHO yẹ àjọ náà wò fínnífínní, wọ́n sì gbé e sí ipele kẹta nínú mẹ́rin. Èyí túmọ̀ sí pé ètò àbójútó wọn dúró déédéé. Kò túmọ̀ sí pé gbogbo ilé iṣẹ́ tó wà lábẹ́ wọn ti dé ibẹ̀. Fún oògùn kọ̀ọ̀kan, WHO tún ní ìwé orúkọ kan tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2001. Àwọn àjọ ńlá tó ń ra oògùn ibà àti ti HIV fún àwọn orílẹ̀-èdè wa máa ń wo ìwé yẹn kí wọ́n tó náwó. Oògùn tí wọ́n ṣe nílẹ̀ wa níbí kò pọ̀ lórí rẹ̀. Ìdí nìyí tí púpọ̀ nínú oògùn ibà ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń pín fún wa fi ń gba orí omi kọjá, tó ń kọjá níwájú àwọn ilé iṣẹ́ Ọ̀tà, Agbára àti Ìkejà.

Àwọn kan ń sọ pé ọgbọ́n àwọn ará òkè òkun ni gbogbo èyí, láti fi pa ilé iṣẹ́ wa. Mo gbọ́ wọn. Owó gidi ni. Afẹ́fẹ́ inú ilé iṣẹ́ gbọdọ̀ máa mọ́ níwọ̀n ìgbà tí iṣẹ́ bá ń lọ, iná ìjọba kò sì ní dúró dè yín. Dísù lẹ máa rà. Ilé iṣẹ́ tó bá sì ná owó yẹn, òun àti ẹni tí kò ná an jọ ń tajà lórí káńtà kan náà ni. Mo gbà pé kí ìjọba ràn wọ́n lọ́wọ́, pàápàá lórí iná àti owó yíyá. Ṣùgbọ́n kí a ní kí wọ́n dín òṣùwọ̀n kù fún wa torí pé aláwọ̀ dúdú ni wá, èmi ò sí níbẹ̀. Kíndìnrín ọmọ Ìbàdàn àti ti ọmọ London, bákan náà ni wọ́n rí.

Ohun tó kan èmi àti ẹ̀yin tí a kì í ṣe apoògùn ló kù. Láti ọdún 2010, àwọn oògùn kan ní nọ́ńbà tí ẹ lè họ síta, kí ẹ fi tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́, kí èsì sì wá pé ojúlówó ni. Ó wúlò, ẹ máa ṣe é. Ṣùgbọ́n ayédèrú nìkan ni nọ́ńbà yẹn lè mú. Oògùn tó bàjẹ́ láti inú ìkòkò, tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ gan-an sì fi nọ́ńbà yẹn sí lára, ojúlówó ni èsì á pè é. Nítorí náà, tí ẹ bá ra oògùn olómi fún ọmọ, ẹ rà á níbi tí apoògùn wà, ẹ má sì sọ páálí àti ìgò nù títí ara ọmọ á fi yá. Tí ọmọ bá ń bì lẹ́yìn tó mu ún, tí inú ń run ún, tàbí tí ìtọ̀ rẹ̀ dín kù tí kò sì tọ̀ mọ́, ẹ dá oògùn náà dúró, ẹ gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn kíákíá, ẹ sì gbé ìgò náà dání. Nọ́ńbà ìkòkò tó wà lára rẹ̀ ni NAFDAC máa fi mọ èyí tí wọ́n máa kó kúrò lórí àtẹ jákèjádò ilẹ̀ yìí.